Iye Tí Mo Pè fún Màmá

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta
Wọ́n gbé Màmá wá sí ilé ìwòsàn wa láàárọ̀ yìí. Ìfun ti lu, ìdọ̀tí ti dà sínú ikùn. Ikùn le bíi pákó. Ọwọ́-Jẹ́jẹ́ — oníṣẹ́ abẹ, ọ̀gá mi — ní bí a ò bá là wọ́n lónìí, ilẹ̀ ọ̀la ò ní mọ́ bá wọn.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n ṣírò ewu ikú kí wọ́n tó la aláìsàn: ọjọ́ orí, kíndìnrín, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Mo ti ṣe é fún ìyá oníyàá láìmọye ìgbà. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó bá rí bíi Màmá, àádọ́rin ni yóò kú. Mo tún un ṣe. Àádọ́rin. Ọ̀gá ní, "Sọ fún wọn bó ṣe jẹ́ gan-an o."

Orí Màmá pé. Wọ́n ní bí iye tó ń kú bá ti ju ìdajì lọ, ká kàn fún àwọn ní oògùn ìrora, káwọn lọ jẹ́ẹ́. Àwọn ò fẹ́ kí ikú máa bu àwọn jẹ díẹ̀díẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ẹnu mi.

Mo ní ọgbọ̀n.

Màmá ní, "Ọgbọ̀n péré? Ẹ là mí, jàre."

Ìṣẹ́gun, 5
Màmá jáde ní yàrá iṣẹ́ abẹ láàyè.

Ọjọ́bọ̀, 7
Ẹ̀rọ ló ń bá wọn mí. Àbúrò ń kọrin sí wọn létí — ohùn bí ilẹ̀kùn tí kò lépo. Màmá gbé ìka sókè. Nọ́ọ̀sì àgbà ní bóyá wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́ ni. A rẹ́rìn-ín, gbogbo wa.

Àìkú, 10
Kíndìnrín ti kọṣẹ́. Ojú abẹ ti ya, ó ń tú ọyún. Màmá fẹ́ fa páìpù ẹ̀rọ náà yọ lọ́fun, a ní láti so ọwọ́ wọn mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni mo so ti ọ̀tún. Wọ́n ń wò mí. Wọn ò yé wò mí.

Ẹtì, 15
Màmá ti lọ. Ọ̀sán gangan.

Ìṣẹ́gun, 19
Àbúrò wá kó ẹrù wọn: bàtà, ìborùn, awò ojú. Ojú ẹ̀ pọ́n. Ó ní òun ti ro ó títí. Àádọ́rin ló yẹ kó yè, kí ló wá gbé Màmá sáàárín ọgbọ̀n? Ó ní ọ̀gá mi ló ba iṣẹ́ jẹ́. Òun ń lọ bá olùdarí ilé ìwòsàn báyìí, kí wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kí n tẹ̀ lé òun.

Ọ̀gá tó ń wá wo Màmá láràárọ̀, títí kan ọjọ́ ìsinmi ẹ̀.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ká aṣọ ẹ̀. Mo sọ fún un. Pé òdìkejì ni, àádọ́rin ló ń kú. Pé mi ò lè dúró kí n máa wò kí wọ́n kàn lọ.

Kò pariwo. Ó bi mí bóyá Màmá mọ̀. Mo ní rárá.

Ó di awò ojú sínú ìborùn, ó rọra so ó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì wá sílé."