Pátákó Oníná Tí Wọ́n Tì Mọ́lé

Bọ̀dá mi Abdulazeez,

Ẹ kú àjò o. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó yín àti àwọn ọmọ wà? Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti wálẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní kí n kí yín.

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ̀wé yìí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Afeez ọkọ mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dí kòtò ojú ọ̀nà ní Abúlé Ẹ̀gbá. Ẹ̀ka igi lásán ni wọ́n fi ṣe àmì fún àwọn awakọ̀. Ọkọ̀ kan já wọ àárín wọn, ó gbá Afeez, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì kán.

Bẹ́ẹ̀ pátákó oníná tó máa ń kọ "Ẹ rọra, iṣẹ́ ń lọ" wà ní ọ́fíìsì wọn n'Íkẹjà. Mo fojú ara mi rí i nígbà tí mo lọ bá wọn níbẹ̀, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀gá wọn ní, "Madam, ìgbà tí àwọn ìjọba bá ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ la máa ń gbé e jáde." Ó tún na ìwé sí mi, kí n fọwọ́ sí i pé àìfarabalẹ̀ ọkọ mi ló fà á. Mo fà á ya lójú rẹ̀.

Afeez ní kí n ṣe sùúrù. Sùúrù wo, Bọ̀dá? Ẹ̀yin náà ń ṣe iṣẹ́ ọ̀nà lókè òkun lọ́hùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya fọ́tò bí wọ́n ṣe ń dáàbò bò yín, kí n fi mọ́ ìwé ẹ̀sùn tí mo ń kọ. Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí ẹ fi ara gbọgbẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Èmi àbúrò yín,
Ọmọ́bọ́láńlé