Páálí Tí Ẹ Bá Wa Tú

                                        Ojúlé Kẹrin,
                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                        Angwan Rukuba,
                                        Jos, Ìpínlẹ̀ Plateau.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Bọ̀dá Olúkọ́lá, ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyàwó yín ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ìfẹ́ ọmọ wa ńkọ́? Màámi ní kí n kí yín. Òtútù ti dé, ṣúẹ́tà méjì ni wọ́n wọ̀. Mo ti kí yín bó ṣe yẹ kí àbúrò kí ẹ̀gbọ́n. Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan: inú ń bí mi, ẹ̀yin gan-an ni mo sì ń bínú sí.

Ẹ mọ̀ pé káàdì aláwòrán la fi ń ta ayò ní gbogbo Sátidé lẹ́yìn ilé Gideon ní Lamingo. Nígbà tí a fẹ́ ra tuntun, oríṣi méjì ló wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á lọ́dọ̀ yín l'Ékòó. Ọ̀kan, wọ́n ti ṣa káàdì rẹ̀ jọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn lára páálí. Èkejì, àpò kéékèèké ló kún inú rẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀rá lẹ̀ ẹ́ pa, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú àpò kankan àfi tó bá já a. Gideon fẹ́ àkọ́kọ́. Mùstàfá, tó ń ti apá ọ̀hún ìlú wá bá wa, fẹ́ èkejì. Ó ní ohun tí ojú ẹnikẹ́ni ò tíì rí nìkan la lè jọ jókòó tì láìfura síra wa. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà kí a tó gbà fún un. Ẹ̀yin náà mọ Jos, bí Kristẹni àti Mùsùlùmí ṣe ń fura síra wọn níbí. Bí káàdì tó lágbára bá bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan lemọ́lemọ́, wọ́n á ní àwọn èèyàn rẹ̀ ló ṣà á fún un.

Ohun tí mo bẹ̀ yín kò ju pé kí ẹ rà á, kí ẹ fi í sínú mọ́tò. Ẹ wá já gbogbo àpò náà lọ́kọ̀ọ̀kan! Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo mọ̀ pé Bàbá ló kọ́ wa pé a kì í gbé rédíò kúrò níwájú ẹni tó tà á láìjẹ́ pé ó sọ̀rọ̀, a kì í sì í ra gílóòbù láìtàn án wò. Ṣé gílóòbù ni káàdì ni? Ọ̀rá yẹn gan-an la rà! Ẹ tún to àwọn tó ń dán, tó lágbára jù, sókè, ẹ fi rọ́bà dì wọ́n, ẹ wá fi báírò kọ ọ́ sábẹ́ ọmọrí pé, "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó pé." Ẹ kú iṣẹ́ o.

Iwájú gbogbo wa la ní a ó ti ṣí i, nítorí náà mi ò tú ìwé tí ẹ fi wé e nílé. Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí mo ṣí ọmọrí, káàdì onírọ́bà la bá níbẹ̀. Mo ṣàlàyé títí, Gideon ń wo ilẹ̀. Mùstàfá mú káàdì tó wà lókè, ó wò ó, ó dá a padà.

Ó ní, "Ba komai, Ayọ̀. Kò sí nǹkan kan."

Ó wọ bàtà rẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Màámi ní ìfẹ́ ló mú yín ṣe é. Mo mọ̀, ìyẹn ló tún ń bí mi nínú jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra òmíràn, irú páálí kan náà, ẹ má sì yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jẹ́ iyanrìn ló wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí gbogbo wa jọ bá iyanrìn níbẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ mi sí i. Orúkọ Mùstàfá ni kí ẹ kọ. Òun ni kó lọ gbà á ní gáréèjì, kó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di Sátidé.

Ẹ bá mi kí Bàbá Adégbìtẹ́ onílé yín àti gbogbo ará ilé.

                                        Èmi ni àbúrò yín, tòun tìbínú,
                                        Ayọ̀kúnnúmi.