Pascal, C àti 'A Dúpẹ́' Yín

Bàbá mi,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí kò lè dáhùn mọ́, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí iṣẹ́.

Ó kù díẹ̀ kí a yọ prógíráàmù yín kúrò lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì mi ní Creek Road, èyí tí ẹ fi èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Pascal kọ fún mi, tó ń sọ kọ̀nténà tó wà ní yáàdì àti tírélà tó máa gbé e. Ṣẹ́gun tí mo gbà síṣẹ́ lẹ́yìn yín ti fi èdè C kọ òmíràn. Tiẹ̀ yára. Ẹ mọ̀ mí, Bàbá: ohun tó bá ti yára, tèmi ni.

Ẹ rántí àríyànjiyàn wa lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé ní Olodi? Ẹ á ti ibi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yín ní Wharf Road dé, ẹ á bọ́ bàtà, ẹ á ki ìbọ̀sẹ̀ kan sínú èkejì kó má bàa sọ nù. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé òwò jáde, mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ iyì àkókò. Ẹ kọ́ mi pé nínú àwọn èdè kọ̀ǹpútà, Assembly ló le jù, pé COBOL ọ́fíìsì yín ń rojọ́ jù, àmọ́ ẹnikẹ́ni lè kà á. Ẹ ṣàlàyé kọ̀ǹpáílà, tó ń túmọ̀ ohun tí a kọ sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Èyí tó gbọ́n dà bí ọmọ tí wọ́n rán lọ ra kẹrosíìnì, tí wọ́n tún rán lọ ra búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù kan náà: á lọ lẹ́ẹ̀kan, á kó méjèèjì bọ̀. Ti C mọ ìyẹn ṣe ju ti Pascal lọ. Ẹ̀yin fúnra yín gbà bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀ ẹ ò fọkàn tán an. Bí àyè mẹ́wàá bá wà, tí èèyàn wá fẹ́ kó nǹkan sí ìkọkànlá, Pascal yín á dúró, á pariwo. Ìyẹ̀wò yẹn ni kì í jẹ́ kó yára. C á gbà á, á kó o lé ẹrù ẹlòmíràn lórí, kò ní sọ nǹkan kan. Ariwo Pascal yẹn lẹ fẹ́ràn.

Kí ló wá dé, Bàbá? Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín, C lẹ jẹ́?

Àràárọ̀ ni mò ń béèrè bóyá ara le. A dúpẹ́. Ẹ fi oúnjẹ sílẹ̀: a dúpẹ́. Ẹ fara ti ògiri kí tírélà lè kọjá, tírélà kọjá tipẹ́, ẹ ò kúrò níbẹ̀: a dúpẹ́. Gbogbo ayé ló ń dáhùn bẹ́ẹ̀, mo sì gbà á bí gbogbo ayé ṣe ń gbà á. Ìgbà tí dókítà máa fi rí àìsàn yín, ó ti kó lé gbogbo nǹkan lórí. Ṣé torí pé mo máa ń kánjú lẹ ò fi fẹ́ dá mi dúró?

Lánàá mo lọ kí Màámi.

“A dúpẹ́,” ni wọ́n wí, ọwọ́ wọn wà lórí orúnkún.

Mo fa àga, mo jókòó. “Màámi, mi ò gba ìyẹn. Ibo ló ń dùn yín?”

“Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé kì í ṣe pé o fẹ́ máa lọ ni?”

“Mi ò lọ síbì kankan.”

Wọ́n na ẹsẹ̀ kan síwájú. “Orúnkún òsì ni. Kì í jẹ́ kí n sùn.”

Bàbá, mo bú sẹ́kún. Orúnkún ń dun ìyá mi, inú mi dùn pé mo gbọ́. Èmi àti wọn ń lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́la.

Mo ti sọ fún Ṣẹ́gun pé kó gbé C rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Pascal yín ò ní kúrò. Ó ń falẹ̀, mo sì ń dúró dè é.

Ká ní ẹ pariwo ni, Bàbá, ǹ bá dúró.

Ọmọ yín tó nífẹ̀ẹ́ yín, tí ẹ máa ń pè ní Ìyá Kíákíá.