Ariwo Tó Ń Gba Apá Ọ̀tún Wọlé

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà
Àgbàlagbà tún ti ń pariwo. Mọ́tò wa nìyẹn, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, irú èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ máa ń fà. Bí mo ṣe ń wà á jáde ní géètì, ó ní gbà! Ìsàlẹ̀ àga mi sì ń gbọ̀n. Ọkọ mi jókòó sí ọ̀tún mi, ó ṣí wíńdò, ó dijú. "Ṣáàfù iwájú, apá ọ̀tún." Irin tó ń yí táyà nìyẹn. Kíá. Irú èsì kíá báyìí ló jẹ́ kí àwọn oníbàárà sọ ọ́ ní Elétí-Ehoro nígbà tó ṣì ń tún mọ́tò ṣe.

Oṣù mẹ́rin rèé tó ṣubú, tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kú sí i lára. Ó ní ọwọ́ ló lọ, etí ṣì wà. Ẹlẹ́rìn-ín, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí, ti ní kó wá máa jókòó sọ́dọ̀ òun láti ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí: kó máa fetí gbọ́ ohun tó ń ṣe mọ́tò, kí àwọn tó kù máa tú u. Láti ìgbà tó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi ti tún ń fá irùngbọ̀n.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Èmi télọ̀ di mẹkáníìkì. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń darí mi. Èmi wà nílẹ̀ pẹ̀lú sípánà. "Má fi agbára ṣe é, fi ọgbọ́n." Ó rọrùn lẹ́nu! Rọ́bà tó bo oríkèé ṣáàfù náà kò ya, gírísì inú rẹ̀ pé. Mo ní nǹkan yìí kò jọ ohun tó ti gbó, tó ti jẹ. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo kọ́ṣẹ́ ni àbí èmi?" A fi tuntun sí i.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Gbà!

Ẹtì, ọjọ́ keje
Ó ní tuntun náà ni kò dáa. A tú u, a tún fi òmíràn sí i. Ìka mi ti bó, mi ò lè di abẹ́rẹ́ mú, aṣọ oníbàárà ti ga ju àga lọ. Ariwo ò lọ. "Apá ọ̀tún ni, mo ní apá ọ̀tún ni." Àánú rẹ̀ ṣe mí. Inú sì bí mi.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí, ìwé kì í bínú.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣubú, a jà. Mo ní kó ta Àgbàlagbà, ó ní òun á kọ́kọ́ ta èmi ná. Ó bínú jáde lọ sídìí mọ́tò. Mo wà nídìí máṣíìnì. Mo gbọ́ tó pè mí. Lẹ́ẹ̀mejì. Ìpè kejì kò já gaara. Mo ní kó máa pè, ẹni tó fẹ́ tà mí. Mo ran apá ẹ̀wù méjèèjì tán kí n tó dìde. Dókítà ní ká ní a tètè gbé e dé ni, bóyá ọwọ́ yẹn ì bá là.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ní ìdájí, a wà lórí ibùsùn, òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bó ṣe máa ń sùn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo sunkún, mo bẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún lé ìrọ̀rí, ó ń wo ògiri. Kò yíjú, kò fọhùn. Nígbà tó yá, ó ní kí n ṣí fèrèsé.

Látìgbà náà, bí mo bá bá a sọ̀rọ̀, á dáhùn lónìí, lọ́la á ṣe bí ẹni pé igi ló ń sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tó fà á. Mi ò tún bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá
Ẹlẹ́rìn-ín wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ̀gá rẹ̀, ó sì wa Àgbàlagbà jáde, àwa nínú rẹ̀. Bó ṣe fi sí jíà: gbà! Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ọ̀gá ní, "Apá ọ̀tún, àbí?" Ó ní, "Bí ẹ ṣe gbọ́ ọ náà ni, ọ̀gá."

Nígbà tí mo sìn ín dé géètì ló tó sọ òótọ́. "Ìyá wa, ti àárín ni, ṣáàfù gígùn tó lọ sẹ́yìn. Kò sí nǹkan kan tó ṣe iwájú." Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ níbẹ̀. "Háà, ẹnu tèmi kọ́ ni wọ́n á ti gbọ́ ọ, mà." Ó ní òun á wá ọgbọ́n dá sí i.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Ọgbọ́n rẹ̀ rèé. Ó gbé mọ́tò ga, ó tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ bá mi fọwọ́ kan ibí yìí, kò yé mi." Ó rọra tẹ́ ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ bí ọmọ tuntun. Ọkọ mi fi ọwọ́ òsì di ṣáàfù gígùn náà mú, Ẹlẹ́rìn-ín ń mì ín láti ẹ̀yìn. Mo rí i tí ìka rẹ̀ dúró níbi oríkèé. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ó ti jẹ." 
"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá." 
Ọkọ mi bi í pé ìgbà wo ló ti mọ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Ẹ̀yin lẹ rí i, ọ̀gá." Ó ní, "Mo ní ìgbà wo."

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Kò fá irùngbọ̀n.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún
Ẹlẹ́rìn-ín ti fi ṣáàfù tuntun sí i. Àgbàlagbà dákẹ́ rọ́rọ́. Mo gbé ọkọ mi jáde. Ó ní, "Ṣé ó ti dákẹ́?" Èmi ló ń bi! Ó ní kí n sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín pé òun ò wá mọ́. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Ó fọwọ́ kan etí òsì rẹ̀. "Èyí ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú. Gbogbo ariwo, apá ọ̀tún ló ń gbà wọlé." Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Tí mo bá sọ ọ́, kí ló kù?"

Ẹkún gbà mí lójú dé ilé. Ìdájí ọjọ́ yẹn ni mo ń rò. Òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, etí ọ̀tún lórí ìrọ̀rí, etí òsì rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Etí tó ti kú ni mo sọ gbogbo ẹ̀bẹ̀ yẹn sí. Kò kọ ẹ̀bẹ̀ mi. Kò gbọ́ ọ ni. Inú mi dùn. Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn sí etí tó di.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́
Mi ò tíì sọ ọ́. Mo lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló mọ̀, yàtọ̀ sí ìwé yìí?

Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún
Ọ̀la ni ì bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo gbé àga mi lọ sí apá ọ̀tún rẹ̀. Mo sọ ọ́: ìjà wa, ìpè rẹ̀, apá ẹ̀wù méjì. Mi ò sunkún lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbọ́, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìpè kejì ńkọ́, o gbọ́ ọ?" Mo ní mo gbọ́ ọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu láti bẹ̀ ẹ́ ni. Ó rọra yí orí rẹ̀ padà, ó kọ etí òsì sí mi.