Ẹran Tí Mo Yá Fún Fọ́tò

Ọmọ mi, Akọ̀wé ilé wa,

Mo kí ọ o. Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn ọ̀gá rẹ kò fi iṣẹ́ pa ọ́? Ọlọ́run tó mú ọ dé ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí ibẹ̀ lé ọ jáde. Ọ̀nà tí o ń tọ̀ lójoojúmọ́ kò ní gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Wàá pẹ́, wàá dàgbà, wàá sì fi ọwọ́ ara rẹ sin èmi àti bàbá rẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́dún yìí.

Mo fi ti ọdún yìí sí i torí pé bàbá rẹ ṣubú. Má fò sókè. Kò kú. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ó ń ṣe bí ẹni pé kò mọ̀ pé mò ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì yín, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ń rán wá síbí, ló ní òun máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín, pé wọ́n lè yọ bàbá rẹ kúrò nínú ìwádìí tí ẹ̀ ń ṣe lórí àwọn tó sanra torí pé fọ́tò oúnjẹ tí à ń fi ránṣẹ́ kì í ṣe òótọ́. Bí wọ́n bá sì yọ ọ́, oògùn ọ̀fẹ́ parí nìyẹn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí tèmi tètè dé ọwọ́ rẹ.

Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn iṣẹ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí o sọ fún wa pé ohun tó ń mú ènìyàn sanra lẹ̀ ń wádìí, pé ẹ fẹ́ mọ ohun tó ń fà á, wàhálà tó ń dá sílẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń wò ó, mo ní háà, ṣé torí èyí ni mo ṣe fọ aṣọ aláṣọ títí èékánná fi bó lọ́wọ́ mi? Kí ló tún le nínú ìyẹn? Oúnjẹ ni. Bí wọ́n bá ti bi mí léèrè ni, ǹ bá ti sọ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ì bá sì fi owó yẹn tún títì ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn alákọ̀wé kì í bèèrè ohun tó bá rọrùn.

Wọ́n wá dé. Nọ́ọ̀sì gbé òṣùwọ̀n pẹlẹbẹ kan kalẹ̀ ní pálọ̀, ó ní kí bàbá rẹ bọ́ bàtà kó gùn ún, bí ẹni ń wọn àpò sìmẹ́ǹtì. Ó wo iye tó jáde, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ túfọ̀. Ó tún fa téèpù yọ, ó wọn ọrùn rẹ̀, ó wọn ìbàdí rẹ̀. Mo ní ẹ̀yin ènìyàn yìí, aránṣọ lẹ̀ ń fi téèpù wọ̀n yẹn o, ṣé ẹ fẹ́ dá aṣọ fún un ni? Kò rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí kì í rẹ́rìn-ín, bóyá ó wà nínú òfin wọn. Wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ wò ó bóyá láti ìdílé ló ti wá. Mo ní kí wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ sí, kí wọ́n lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó máa ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ ẹnu ọ̀nà wa. Ìdílé ọ̀jẹun ni wọ́n. Ohun tí mo gbà gbọ́ nígbà náà nìyẹn.

O ò sí nílé, o ò mọ ohun tí ojú mi ń rí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Ìwọ̀nba ni mò ń bù fún un, torí mo ní kí n bá a dín in kù. Ṣíbí ìrẹsì kan, ẹja tí kò tó ìka ọwọ́, ó parí. Síbẹ̀ ńṣe ló ń tóbi sí i. Orókún ń dùn ún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, bó bá sùn á máa hanrun, á wá dákẹ́ lójijì bí ẹni tí èémí ti tán nínú rẹ̀, àfi kí n fi ìgúnpá gún un kó tó tún mí. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Bí kò bá jẹ ẹ́ nílé, níbo ló ti ń jẹ ẹ́? Kò sí ibòmíràn ju ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, obìnrin tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀ yẹn. Mo sọ fún un, ó ní rárá. Mo tún sọ fún un, ó dákẹ́. Mo ní ẹni tó dákẹ́ ti jẹ́wọ́. Mo bá tún dín ìrẹsì kù.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ló kàn báyìí. Nọ́ọ̀sì fún wa ní fóònù, ó ní ká máa ya oúnjẹ bàbá rẹ kó tó jẹ ẹ́, pé yóò máa lọ bá àwọn tó ń wò ó lọ́dọ̀ yín. Mo ní àwọn mélòó ló ń wò ó. Ó ní wọ́n pọ̀, pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wà níbẹ̀. Ọmọ mi, ìwọ náà rò ó wò. Kí ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó yí tábìlì ká, kí wọ́n máa wo ṣíbí ìrẹsì kan àti orí ẹja, kí wọ́n sì mọ̀ pé ilé tí ìwọ ti jáde wá nìyí? Ohun tó bá ojú, ó ti bá imú. Wọn ì bá máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi.

Mo lọ bá alápatà tó ń gbé ní òdìkejì wa, mo ní kó yá mi ní ẹran kan. Kì í ṣe kí n jẹ ẹ́ o, kí n kàn yà á ni. Ó wò mí títí, ó ní ṣé ara mi yá, ṣùgbọ́n ó gé e fún mi, ẹran tó ní eegun ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo bọ̀ ọ́, mo ń tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì ìyá onílé, mo sì tún yá àwo aláwọ̀ wúrà lọ́wọ́ wọn. Bí àkókò oúnjẹ bá ti tó, màá kó ìrẹsì gbogbo ilé jọ gègèrè sínú àwo, màá gbé ẹran lé e lórí, màá to ẹyin yí i ká. Kí n tó tẹ fóònù, màá ní ẹ wá jẹun o, torí àwọn àgbà ń wò wá, ẹ̀kọ́ ilé ṣe pàtàkì. Bí mo bá yà á tán, màá gbé ẹran padà, màá kó ìrẹsì padà, màá bu ṣíbí kan fún bàbá rẹ. Ó ń wo gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bi mí pé ṣé òun lè fi ìka kan ẹran náà, mo ní ti ọ̀jọ̀gbọ́n ni.

Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi padà wá pẹ̀lú ojú líle. Ó ní ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ dókítà, pé ẹni tó ń jẹ irú oúnjẹ yẹn, oògùn tí wọ́n fún un kò tíì ràn án rárá. Wọ́n fi kún oògùn náà, èyí tó ń pa ebi, wọ́n sì ní kó máa jẹ ìlàjì ohun tó wà nínú àwo. Mo mọ̀ pé o ti ń lérí báyìí. Fara balẹ̀. Bàbá rẹ ń gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu ju bó ṣe ń gbọ́ tèmi lọ. Wọ́n ní ìlàjì, ó jẹ ìlàjì. Ìlàjì ṣíbí kan. Mo rí i, mo sì yọ̀, mo ní ó kúkú ti jẹ búrẹ́dì yó.

Ọjọ́ tó ṣubú, ṣòkòtò oníbàárà ló ń rán lọ́wọ́. Wọ́n ní ó ti rán ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn kó tó di pé ó dorí kọ máṣíìnì, ó sì yọ́ lulẹ̀. Oníbúrẹ́dì ló gbé orí rẹ̀ lé itan, òun ló po ṣúgà mọ́ omi tó ń ta á sí i lẹ́nu, òun ló dá ọkọ̀ dúró. Nígbà tí mo dé ọsibítù, mo bá a níbẹ̀ tó mú bàtà ọkọ mi lọ́wọ́. Inú bí mi. Mo bi í níwájú gbogbo ènìyàn pé báwo ló ṣe mọ̀ pé ebi ló ń pa á. Obìnrin náà kò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní, ẹ̀yin ìyá, ọkọ yín kò ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi rí, bó bá ti ń kọjá, ńṣe ló máa ń gbójú sí òdìkejì, mo rò pé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni.

Mo pòṣé, mi ò gbà á gbọ́. Nọ́ọ̀sì yín, tí wọ́n ti pè wá, ní ohun tó ya òun lẹ́nu ni pé dókítà ọsibítù náà ní ebi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú oògùn, ebi wo ló máa pa ẹni tó ń jẹ oúnjẹ yìí? Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó ń fi àwọn fọ́tò náà hàn wá níkọ̀ọ̀kan. Àfi bí alápatà ṣe wọlé pé òun wá kí aláìsàn. Ó na ọrùn wo fóònù, ó ní, ẹran mi rèé! Nọ́ọ̀sì ṣí òmíràn, ó ní, ẹran mi náà nìyẹn, ẹ wo eegun rẹ̀. Gbogbo èyí tí wọ́n ṣí, ẹran kan ṣoṣo náà ni. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a, tèmi kò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní kí ni bàbá ń jẹ gan-an. Mo sọ ọ́. Dókítà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó jókòó, ó ń fi bírò ya ikùn sórí ìwé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ní ara kò rí bákan náà, pé àwọn ara kan wà tó jẹ́ pé láti ọ̀dọ̀ bàbá ńlá wọn ni wọ́n ti ń di ohun tí wọ́n bá fún wọn mú. Ó ní ìjókòó ìdí máṣíìnì láti òwúrọ̀ dalẹ́ wà nínú rẹ̀, oorun tí kò dán mọ́rán wà nínú rẹ̀, torí bí ènìyàn ò bá sùn dáadáa ara á ṣìnà. Ó ní bí wọ́n bá tún wá fi ebi pa irú ara bẹ́ẹ̀, á rò pé ìyàn ti mú, á túbọ̀ di tọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní ara wo nìyẹn, ara àbí ahun? Ó ní ohun tí ẹ̀yin ń wádìí gan-an nìyẹn, pé kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀kánjúà, àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Mi ò gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ o. Mo ṣì ń wò ó pé àwọn oníwèé máa ń fi ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń bu oúnjẹ náà, mo mọ bó ṣe kéré tó, n kò lè bá ọwọ́ ara mi jiyàn. Mo wá yíjú sí bàbá rẹ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní kí ló dé tó fi dákẹ́ láti ọjọ́ yìí. Ó ní òun ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí, débi pé òun pàápàá ti ń wá ibi tí òun ti ń jẹ ẹ́. Ó wá bú sẹ́kún, ọkùnrin tí kò sunkún nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Alápatà sáré jáde. Èmi ò ríbi sá sí.

A ti dé ilé. Dókítà ní kí n máa fún un ní ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ àti ẹyin, kó jẹ ẹ́ tó, kó sì máa rìn díẹ̀díẹ̀. Mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó mú ṣíbí, ó gbójú sókè wò mí. Mo rò pé iyọ̀ ló fẹ́, mo gbé iyọ̀ wá, kò fọwọ́ kàn án. Ó ń dúró kí n ní kó jẹ ni. Mo kọjú sí ògiri kó lè ráyè, kò gbé ṣíbí. Àfi ìgbà tí mo ní, jọ̀ọ́, jẹun. Inú mi bàjẹ́, ọmọ mi, mi ò ní fi bò fún ọ.

Nítorí náà, bá mi lọ bá ọ̀gá rẹ. Sọ fún un pé ìyá rẹ ló parọ́, pé bàbá rẹ kò mọ ọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n yọ tèmi bó bá jẹ́ dandan ni kí wọ́n yọ ẹnì kan. Èmi tí mi ò bẹ ẹnikẹ́ni rí ni mò ń bẹ̀ wọ́n. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú, fún ọkọ̀ tí á máa gbé wa lọ ọsibítù àti ìrọ̀rí gíga tí dókítà ní kó máa fi sùn. Má fi í sí báǹkì. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́sí, ẹ̀rọ ara ògiri ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí mi, mo ní àṣírí kì í ṣe ohun tí à ń tẹ̀ lójú èrò, mo bá tèmi lọ. Fi rán ẹni tó ń bọ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe yẹn, kó yé yín, kó sì yé àwa náà. Ọkọ rere á wá ọ rí, ọ̀nà rẹ kò ní ṣòro fún un, ilé rẹ á tutù. Ọlọ́run kò sì ní fún ọ ní ọkọ tí wàá kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ kí o tó jẹun.

Èmi ni ìyá rẹ.