Èmi Kọ́ Ni Mo Gé Ìpè Rẹ

Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ mi, ọmọ ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí àwọn aláìsàn tí ò ń tọ́jú ní ọsibítù. Mo lérò pé ara rẹ le, pé o sì ń jẹun kí o tó lọ síbi iṣẹ́. Ara tèmi náà dá, àfi orúnkún tó ń dún bí ìlẹ̀kùn àtijọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí o. Tíṣà wa ní kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà àwọn àgbà fẹ́ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ti bímọ, obìnrin ni, ohùn rẹ̀ sì ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Àbúrò mi tí ọkọ rẹ̀ kú ti fẹ́ ẹlòmíràn, àwọn méjèèjì ń di ara wọn lọ́wọ́ mú ní títì bí ọmọdé. Ẹni tó ń bí ń bí, ẹni tó ń gbéyàwó ń gbéyàwó. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tìrẹ ló gbé kálámù lé mi lọ́wọ́.

Ìyá rẹ wọlé tọ̀ mí wá lánàá, kò jókòó. Ó ní, “Màmá, kí ni ọmọ yìí ṣe yín? Ó pè yín, ẹ gé e. Ó tún pè, ẹ tún gé e. Ó fi àwòrán ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ránṣẹ́, ojú pupa tó ń bínú lẹ fi dá a lóhùn. Ẹkún ló ń sun. Ó ní òun máa sọ fún ọkùnrin náà pé kó má wàá mọ́.”

Ọmọ mi, àwo ọwọ́ mi já bọ́. N kò rí àwòrán kankan. N kò gé ìpè ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Ṣùgbọ́n ẹyin tí adìyẹ mi kò yé, báwo ló ṣe fọ́ sílé rẹ?

Kí n wá sọ ohun tí mo ti ń fi pamọ́. Láti bí ọjọ́ mélòó kan ni fóònù tí o rà fún mi kò ti gbọ́ tèmi mọ́. Mo tẹ lẹ́tà kan, ó kọ òmíràn. Ìwọ lo sì sọ lọ́jọ́ tí o gbé e wá pé, “Màmá, ìka alààyè ni gíláàsì yìí mọ̀ o. Bí ẹ bá fi igi tẹ̀ ẹ́, kò ní dáhùn.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sọ́kàn. Mo wo ìka mi, mo ní, àṣé ibẹ̀ ni ikú ti ń bọ̀. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi òróró pa á, mo rì í bọ omi gbígbóná. Èyí tó dẹ́rù bà mí jù ni pé ìka náà ń yè ní kíláàsì, fóònù ń gbọ́ ọ níbẹ̀. Ilé nìkan ló ti ń kú.

Aránṣọ ilé kejì, tí a jọ ń kàwé, gbọ́ ìró àwo, ó sáré wọlé. Mo wá jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ìka fún àwọn méjèèjì. Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìwọ tí o jẹ oúnjẹ mi tán láàárọ̀, òkú wo ló ń jẹun báyẹn?” Fóònù wà lórí tábìlì, ó ń gba iná lára ògiri. Aránṣọ tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, “Ṣé èmi náà ti kú ni?”

Lójú wa báyìí, láìsí ọwọ́ ẹnì kankan lára rẹ̀, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ara rẹ̀. Ó ṣí èyí, ó pa tọ̀hún, ó ń pe tíṣà wa. Ìyá rẹ fẹ̀yìn ti ìlẹ̀kùn. Ohun tó ṣe àkàlàmàgbò tó fi dẹ́kun ẹ̀rín rírín, bó bá ṣe igúnnugún, á wokoko mọ́ ẹyin ni. Bí a ṣe dúró bẹ́ẹ̀ ni iná mànàmáná lọ. Kíá ni fóònù dákẹ́. Mo na ìka sí i, ó gbọ́. Mo kọ orúkọ mi, gbogbo rẹ̀ pé. Iná dé, wèrè tún dé. A fa ṣájà yọ, ara rẹ̀ balẹ̀.

Ṣájà tí o fún mi ti já lókùn tẹ́lẹ̀. Mo ra òmíràn lọ́wọ́ ẹni tó ń ti ọmọlanke kiri ní ibùdókọ̀, mo sì rò pé mo rí ọjà he. A gbé e lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe; nígbà tó tú u, inú rẹ̀ fúyẹ́ bí páálí ìṣáná tó ṣófo. Ó ní iná tín-ń-tín tó wà lára gíláàsì ni fóònù fi ń mọ ìka wa. Ṣájà gidi máa ń sẹ́ iná ògiri dáadáa kó tó gbé e wọlé, ṣùgbọ́n eléyìí ń dà á tòun ti pàǹtí, fóònù wá ń rí ìka níbi tí ìka kò sí. Ó ní kì í ṣe gbogbo ṣájà olówó pọ́ọ́kú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, gíláàsì pàápàá máa ń bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Àmọ́ bí a bá yọ ṣájà tí wèrè náà sì dáwọ́ dúró, a ti mú olè. Bí owó bá ti mọ ni oògùn ń mọ.

Orí iná ni fóònù wà nígbà tí o pè; òun ló gé ọ, òun ló sì fi ojú pupa ránṣẹ́. Nǹkan tí mo rà lẹ́bàá títì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọmọ mi kọ ọkọ, ní orúkọ mi.

Mo pè ọ́, o kò gbé e. Ìyá rẹ fẹ́ fi fóònù tirẹ̀ ṣàlàyé, mo ní rárá. Fóònù ló dá ìjà sílẹ̀, kì í ṣe òun ni yóò parí rẹ̀. Ìyá rẹ yóò gbé ìwé yìí wọ ọkọ̀ àárọ̀ wá bá ọ. Kò sí ẹni tó lè bá mi tẹ tádàwá.

Mo ti wo àwòrán náà. Etí rẹ̀ tóbi díẹ̀. Ìyẹn dára, ọkọ tó bá létí ni yóò gbọ́ràn. Mo fẹ́ kó jókòó síwájú mi kí n tó sọ tẹnu mi.

Ohun tí kò lọ́wọ́ kò ní fọwọ́ kan kádàrá rẹ. O kò ní pe ẹni rere kó má dáhùn. Wàá bí, wàá wò, ojú mi yóò sì rí i.

Èmi ni,
Ìyá tó bí ìyá rẹ.

Mo fẹ́ gbàgbé: owó wà nínú àpòòwé kékeré tí ìyá rẹ mú dání. Mo bi awakọ̀ léèrè iye tí ẹnì kan ń san láti ọ̀dọ̀ rẹ wá síbí, ó ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ ni ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá.