Abẹ́ Dòńgóyárò Tí Ẹ Máa Ń Dúró Sí

Bàbá mi, àlùfáà mi,

Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Tanke ni mo ti ń kọ ọ́ sí yín. Ìyá àdúgbò wa tó gbé mi wá ti lọ dáná fáwọn ọmọ rẹ̀. Ẹbí ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ò jẹ́ kó rímú mí. Èmi ńkọ́? Láti ìgbà tí Ìyá ti tẹ̀lé yín, ta ni mo ní?

Ìtọ̀ ṣúgà yín ti wà lára mi. Kókó ògì tí kò ní ṣúgà, tí ẹ máa ń fajú ro mu, èmi náà ti ń mu ún. Bàbá, kò dùn rárá!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà bi mí ohun tó pa yín. Ó ní nínú àwọn ìdílé kan, nǹkan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí òbí ń fi sílẹ̀ fọ́mọ, tó ń mú kí ṣúgà tètè kọlu ọkàn wọn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá irú tiwa nìyẹn. Mo ní mi ò mọ̀. Àárọ̀ lẹ ṣubú. Kí a tó kírun aláásárì, a ti sin yín, bí a ṣe máa ń ṣe. Àmùwá Ọlọ́run ni gbogbo wa wí. Ta ló fẹ́ bèèrè nǹkan míì?

Àfi lónìí. Mò ń ti àdúgbò Ṣàngó bọ̀ nílé, mo dé abẹ́ dòńgóyárò tó wà lọ́nà mọ́ṣáláṣí, àyà mi fún pinpin. Mo dúró, mo fọwọ́ lé e, mo dijú. Ibẹ̀ ni mo ti rántí yín. Ṣé ibẹ̀ náà kọ́ lẹ máa ń dúró sí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì láyà? Èmi á gbé búútà yín dání, màá máa ṣe àmín. Mo rò pé àdúà lẹ ń ṣe. Háà, Bàbá! Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?

Ìyá àdúgbò yìí ń kọjá lọ. Ó rí mi, ó rọra ṣe àmín, ó ń lọ. Wáláhì, ó kù díẹ̀ kí n jẹ́ kó lọ. Mo pè é padà. Mo ní àdúà kọ́, àyà ló ń dùn mí.

Ẹ má bínú sí mi. Bí dókítà bá dé, màá sọ ohun tó pa yín fún un.

Àárò yín ń sọ mí.

Ọmọ yín, agbébúútà yín.